Jẹjẹrẹ Ọmú Tó Ṣọ̀wọ́n: Àwọn Ìbéèrè Tí Ẹ Sábà Máa Ń Béèrè, àti Ìdáhùn Wọn

Kókó líle tí kì í dunni: ohun tí gbogbo wa kọ́ nípa jẹjẹrẹ ọmú nìyẹn, ó sì tọ̀nà fún èyí tó pọ̀ jù. Àmọ́ àwọn kan wà tí kì í bá kókó wá rárá. Òmíràn dà bíi làpálàpá, òmíràn jọ ọmú abiyamọ tí wàrà dì sí, òmíràn sì jẹ́ pé abíyá ló ti kọ́kọ́ yọjú. Nítorí pé wọn kò jọ ohun tí a ń retí, oṣù máa ń gorí oṣù kí ẹnikẹ́ni tó gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Orí àyẹ̀wò ẹran yẹn, tí wọ́n ń pè ní báyọ́sì (biopsy), ni ọ̀pọ̀ ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé.

Àwọn wo gan-an ni wọ́n ń pè ní èyí tó ṣọ̀wọ́n?

Nínú èèyàn 100 tó ní jẹjẹrẹ ọmú, nǹkan bí 70 sí 80 ló jẹ́ pé inú ihò tí wàrà ń gbà ló ti bẹ̀rẹ̀, tó sì ti ya wọ ẹran tó yí ihò náà ká. Lobular, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti inú àpò wàrà, ló tẹ̀ lé e, òun náà kò sì ṣọ̀wọ́n. Àwọn yòókù là ń sọ. Inflammatory breast cancer, IBC, tó máa ń mú kí ọmú wú kó sì gbóná, wà láàárín 1 sí 5 nínú 100 ní Amẹ́ríkà. Paget, tó ń jẹ orí ọmú, jẹ́ 1 sí 3. Phyllodes àti metaplastic, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó 1. Ti ọkùnrin, nǹkan bí 1.

Ẹ má rò pé èyí tó ṣọ̀wọ́n ló gbọ́dọ̀ burú jù. Tubular àti mucinous ṣọ̀wọ́n, síbẹ̀ ìwà wọn rọ̀ ju ti èyí tó wọ́pọ̀ lọ, wọn kì í tètè ràn. Adenoid cystic ló máa ń yà mí lẹ́nu jù: ó sábà máa ń jẹ́ triple negative (èyí tí kò ní ER, PR àti HER2, àmì mẹ́ta tí a máa ṣàlàyé nísàlẹ̀), orúkọ tó ń já èèyàn láyà, ṣùgbọ́n òun kì í sáré, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń rí i mú láìlo kímò, oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ.

Ọmú ẹ̀gbọ́n mi wú, ó gbóná, àwọ̀ rẹ̀ sì ti yí padà. Wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò, kò lọ. Ṣé ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ?

Ó lè jẹ́, ó sì lè má jẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń fọ́mọ lọ́mú, kòkòrò àrùn tàbí wàrà tó dì ló sábà máa ń fà á, oògùn apakòkòrò á sì kápá rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ibà á ti máa lọ, tí ìrora á sì máa dínkù. Bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì bá kọjá tí ọmú ṣì wà bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti oògùn nìkan. Bó bá sì jẹ́ obìnrin tí kò fọ́mọ lọ́mú ni, pàápàá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, èmi ò ní dúró kí oògùn kejì tán kí n tó béèrè fún báyọ́sì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú IBC ni pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń wọ inú àwọn òpó tín-ín-rín tó ń fa omi kúrò lábẹ́ awọ, wọ́n á sì dí wọn pa. Omi á kó jọ. Ìdí nìyẹn tí ọmú fi ń wú, tó ń wúwo, tí awọ rẹ̀ sì ń ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mẹ́fà ló ń yọ, ó sì máa ń gba ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́ta ọmú náà.

Ìwé ìṣègùn sábà máa ń sọ pé ọmú á pọ́n. Awọ òyìnbó ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi kọ bẹ́ẹ̀. Lára adúláwọ̀, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ẹ wò ó bóyá awọ ibẹ̀ dúdú sí i, bóyá ó fẹ́ jọ elése àlùkò, bóyá ó ń dán, bóyá kọ́mú ti ń fún ẹ̀gbẹ́ kan, bóyá orí ọmú ti wọnú. Ẹ wo ọmú méjèèjì pọ̀ níwájú dígí. Ọwọ́ lè má bá kókó kankan. Mámógíráàmù, àwòrán inú ọmú tí ẹ̀rọ ń yà, náà lè má rí ju pé awọ ti nípọn lọ.

Dókítà á fi abẹ́rẹ́ tó nípọn mú ẹran nínú ọmú, á sì gé awọ díẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọn kò bá rí jẹjẹrẹ nínú awọ, ìyẹn kò ní kí wọ́n pa IBC tì: ohun tí ojú rí lára ọmú, pẹ̀lú jẹjẹrẹ tí wọ́n bá nínú ẹran, ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n á tún ya àwòrán àyà, ikùn àti egungun, nítorí pé lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta, ó ti kúrò lọ́mú lọ síbòmíràn kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

IBC ni wọ́n ní ó jẹ́. Kí ló dé tí wọn ò tètè gé ọmú náà kúrò?

Nítorí pé inú awọ gan-an ni àrùn náà wà. Bí wọ́n bá fi abẹ lé e lónìí, inú jẹjẹrẹ ni abẹ á máa là kọjá, egbò lè má jinná, àrùn á sì tún hù lójú egbò kan náà. Kímò ló ń ṣáájú, ó sì máa ń gbà tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí HER2, èròjà kan tó ń mú kí jẹjẹrẹ sáré dàgbà, bá wà níbẹ̀, wọ́n á fi oògùn trastuzumab kún un, àti pertuzumab bí agbára bá ká a. Fún triple negative tó ti rinlẹ̀ díẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn pembrolizumab pẹ̀lú kímò lọ́dún 2021. Lẹ́yìn tí awọ bá ti rọ̀, wọ́n á gé gbogbo ọmú àti àwọn kókó abíyá (lymph node, tí ara gbogbo wa ní), ìtànṣán (radiotherapy) á sì tẹ̀ lé e.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tí kímò bá mú ọmú rẹ̀ padà sípò máa ń rò pé ó ti tán; ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń sá nílé ìwòsàn. Kò sí pé wọ́n gé díẹ̀ lára ọmú kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ nínú ètò IBC. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n tún ọmú mìíràn ṣe sí àyà yín, ó di ẹ̀yìn ìtànṣán.

Orí ọmú mi kan ń yún, ó ń bó, ó ń ṣomi. Mo ti fi oògùn làpálàpá pa á títí.

Lọ́dún 1874, James Paget, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa obìnrin 15 tí orí ọmú wọn ń bó bẹ́ẹ̀, tí jẹjẹrẹ sì jáde nínú ọmú kan náà láàárín ọdún méjì. Orúkọ rẹ̀ ni àrùn náà ń jẹ́ títí dòní.

Ẹ́kísímà, àrùn awọ tó ń yún, sábà máa ń mú ọmú méjèèjì, àyíká dúdú ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Paget máa ń mú ẹyọ kan, orí ọmú gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó tàn sí àyíká. Ìpara tó ní steroid nínú lè tù yín lára fún ìgbà díẹ̀, ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bá kọjá tí kò jinná, kí wọ́n gé awọ orí ọmú díẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní Paget, mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ló tún ní jẹjẹrẹ níbòmíràn nínú ọmú náà. Nítorí náà mámógíráàmù kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kí àwòrán MRI sì tẹ̀ lé e bí kò bá rí nǹkan. Bí àrùn náà bá mọ sí abẹ́ orí ọmú, wọ́n lè gé orí ọmú àti àyíká dúdú rẹ̀ nìkan, kí ìtànṣán tẹ̀ lé e. Bó bá ti tàn káàkiri, gbogbo ọmú ni.

Àwọn àgbà ní bí abẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, inú á bí i, á sì ràn. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ẹnì kan fi àrùn pamọ́ fún ọdún kan, ó dé ilé ìwòsàn nígbà tó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n mú ẹran lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kò sì pẹ́ tó fi kú. Abẹ ni ará ilé rí, wọn ò rí ọdún kan tó ti lọ. Láìsí báyọ́sì, kò sí dókítà tó lè sọ irú èyí tó jẹ́, oògùn tó bá sì kọ, àbá ló ń dá.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ṣe pàtàkì. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tó ń fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ jáde, tí wọ́n ń pè ní FNA, yá, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá jẹjẹrẹ ti ya kúrò nínú ihò wàrà, ọ̀pọ̀ irú tó ṣọ̀wọ́n ni kò sì lè dá mọ̀. Core biopsy, abẹ́rẹ́ tó nípọn, ni kí ẹ béèrè fún. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ la ọmú láti yọ gbogbo kókó náà kó tó mọ ohun tó jẹ́, ẹ bi í léèrè ìdí. Bó bá padà di jẹjẹrẹ, iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ yẹn lè da gbogbo ètò rú.

Wọ́n gbé ẹran náà lé wa lọ́wọ́ nínú ìgò pé ká gbé e lọ sí lábù. Kí ni ká ṣọ́?

Nínú gbogbo ìbéèrè, èyí ni mo fẹ́ràn jù, ó sì ń dùn mí pé ará ilé aláìsàn ló gbọ́dọ̀ máa béèrè é. Ẹran tí wọ́n gé á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ kó tó wọ inú fọ́málíìnì, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, èyí tí wọ́n pò sí ìwọ̀n 10 nínú 100. Kí fọ́málíìnì náà pọ̀ ju ẹran lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kí ẹran lò tó wákàtí mẹ́fà nínú rẹ̀, kó má sì ju wákàtí 72 lọ. Wọn kì í fi omi lásán, omi dírípù tàbí spirit rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é ṣákálá, àyẹ̀wò ER, tó ń wo bóyá họ́mọ́ọ̀nù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, lè sọ pé kò sí nígbà tó wà, wọ́n á wá fi oògùn tó yẹ kí obìnrin náà lò fún ọdún márùn-ún dù ú.

Nítorí náà, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìgò. Kí orúkọ, ọjọ́, aago tí wọ́n gé e, àti bóyá ọmú ọ̀tún ni tàbí ti òsì wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bó bá jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n gé e, ẹ mọ ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò. Kó má lọ sùn nínú báàgì di ọjọ́ Ajé.

Ìwé àyẹ̀wò ti jáde. Kí ni ER, PR, HER2 yìí?

ER àti PR ń sọ bóyá họ́mọ́ọ̀nù obìnrin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà. Bí wọ́n bá wà, oògùn oníhóró bíi tamoxifen á ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń kọ HER2 ní 0, 1+, 2+ tàbí 3+. 3+ túmọ̀ sí pé ó wà. 2+ túmọ̀ sí pé wọn ò tíì mọ̀, ó ku àyẹ̀wò mìíràn tí wọ́n ń pè ní FISH. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka 2+ sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, triple negative nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé “invasive carcinoma” nìkan ni ìwé kọ, iṣẹ́ kò tíì parí.

Àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni wọ́n ń pè ní IHC. Ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ sábà máa ń yàtọ̀ sí owó báyọ́sì. Ẹran náà á ti di búlọ́ọ̀kù kékeré nínú ìda, á jókòó sí lábù, kò ní sẹ́ni tó sọ fún aláìsàn pé owó ni wọ́n ń retí. Ẹ béèrè. Búlọ́ọ̀kù yẹn kì í bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ sì lè ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí pathologist (dókítà tó ń yẹ ẹran wò) mìíràn. Fún irú tó ṣọ̀wọ́n, ojú kejì yẹ, nítorí pé pathologist tó mọṣẹ́ dáadáa pàápàá lè má rí ju díẹ̀ lọ nínú wọn lọ́dún.

Kókó àbúrò mi ń dàgbà kíákíá, wọ́n ní phyllodes ni.

Ẹ fara balẹ̀ kọ́kọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú phyllodes kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìpele mẹ́ta ló ní: èyí tí kò léwu, èyí tó wà lágbedeméjì, àti èyí tó jẹ́ jẹjẹrẹ. Ó máa ń jọ fibroadenoma, kókó tó wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́bìnrin, débi pé báyọ́sì lè ṣì í mú. Bí kókó tí wọ́n ní kò léwu bá tóbi sí i láàárín oṣù díẹ̀, ẹ padà lọ.

Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀: kí wọ́n yọ ọ́ pẹ̀lú ẹran tó yí i ká, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan fún ìpele kejì àti ìkẹta. Bí wọ́n bá họ ọ́ jáde lásán, á tún hù. Kì í sábà wọ kókó abíyá, nítorí náà kò sídìí láti kó wọn. Bó bá máa ràn, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Tamoxifen kì í ràn án lọ́wọ́.

Metaplastic ńkọ́?

Ẹran rẹ̀ máa ń yí padà di ohun tó jọ awọ, egungun tàbí kèrékèré nínú ọmú. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló jẹ́ triple negative, ó máa ń dàgbà kíákíá, kímò kì í sì í mú un bó ṣe ń mú triple negative yòókù. Bí ó bá ṣeé gé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ béèrè bóyá kí iṣẹ́ abẹ ṣáájú.

Kókó wà lábíyá mi, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lọ́mú.

Ó lè jẹ́ ikọ́ ife, ó lè jẹ́ eéwo, àwọn ohun mìíràn sì wà tó lè fà á. Nígbà mìíràn, jẹjẹrẹ ọmú tó kéré jù fún mámógíráàmù ni, tó ti fi ọmú sílẹ̀ lọ sí abíyá. Kí wọ́n mú ẹran kókó náà, kí wọ́n má fi oògùn ikọ́ ife dán an wò láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, MRI ọmú ló kàn.

Ọkùnrin ni mí. Kókó wà lábẹ́ orí ọmú mi, ojú ń tì mí láti sọ.

Bàbá àgbàlagbà lèyí sábà máa ń ṣe, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá torí ìtìjú yẹn gan-an. Ọmú tó fẹ́ lára ọkùnrin kì í ṣe jẹjẹrẹ lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá bó bá rọ̀ tó sì mú méjèèjì. Kókó líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ láti orí ọmú, tàbí orí ọmú tó wọnú ni ká sáré sí. Ìtọ́jú rẹ̀ jọ ti obìnrin, wọ́n sì sábà máa ń gé ọmú náà. Nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ní ER, tamoxifen sì ni oògùn tí wọ́n ń kọ́kọ́ lò. Kí ẹ ṣe àyẹ̀wò BRCA2, àbùdá (gene) kan tó lè bàjẹ́ tí òbí sì lè fi jogún fún ọmọ, fún ara yín àti nítorí àwọn ọmọ yín obìnrin.

Mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù, mo fi síríkọ́ọ̀nù sí ọmú láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbẹ́ kan ti wú lójijì.

Ẹ tọ dókítà lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n fa omi rẹ̀, kí wọ́n sì wá àmì kan tó ń jẹ́ CD30 nínú omi náà. Jẹjẹrẹ kan tó ń jẹ́ BIA-ALCL ni wọ́n ń wá, ó tan mọ́ àwọn síríkọ́ọ̀nù tí ara wọn rí gbúngbùn-gbungbùn. Torí rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Allergan fi kó BIOCELL, irú síríkọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe, kúrò lọ́jà lọ́dún 2019. Bí wọ́n bá tètè rí i, yíyọ síríkọ́ọ̀nù náà pẹ̀lú èèpo tó hù yí i ká sábà máa ń tó.

Mo lóyún. Ṣé mo gbọ́dọ̀ dúró kí n bímọ kí wọ́n tó tọ́jú mi?

Ẹ má dúró. Sikáànì ultrasound àti báyọ́sì kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Iṣẹ́ abẹ ṣeé ṣe. Ọ̀pọ̀ kímò ṣeé lò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìtànṣán, tamoxifen àti trastuzumab ló máa dúró di ẹ̀yìn ìbímọ.

Ṣé ìdílé ló ń fà á?

Nígbà mìíràn. Àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn àti Chicago, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé wà lára wọn, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà tó lé ní 1,100 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2018. BRCA1 tó bàjẹ́ wà lára nǹkan bí 7 nínú 100, BRCA2 lára nǹkan bí 4. Ẹni tó bá ní triple negative tàbí tó ní í láti kékeré yẹ kó béèrè fún àyẹ̀wò yìí, kódà bí kò bá mọ ẹnikẹ́ni nílé wọn tó ní i. Nínú ilé wa, “ọmú ló pa ìyá àgbà” kì í sábà jẹ́ ohun tí wọ́n ń sọ létí ọmọdé.

Níbo la lè lọ, báwo la ó sì ṣe sanwó?

UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní dókítà jẹjẹrẹ àti ẹ̀rọ ìtànṣán. Ilé ìtọ́jú NSIA-LUTH ṣí lọ́dún 2019. OAUTHC ní Ifẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ abẹ ọmú dáadáa. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ kímò, ẹ béèrè iye gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nìkan. Kímò tí wọ́n dá dúró lẹ́yìn ìgbà kejì nítorí owó máa ń fún àrùn láyè láti tún gbérí. Ẹ rí medical social worker ilé ìwòsàn náà, òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ owó, lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní Cancer Health Fund tó kan jẹjẹrẹ ọmú, òṣìṣẹ́ yẹn ló sì máa sọ bóyá ẹ lè wọlé síbẹ̀.

Ṣé mo lè máa mu àgbo pẹ̀lú kímò?

Kì í ṣe láìsọ fún dókítà. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú kímò tó pọ̀, òun kan náà ló ń tú àgbo, a kì í sì í mọ iye ohun tó wà nínú ìgò. Bí ẹ bá ti ń mu ún, ẹ má fi bò. Ẹ kó ewé náà tàbí ìgò rẹ̀ dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ gba abẹ́rẹ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí wọ́n tó fa oògùn sí yín lára.